Bàálù Láti Osubi, Òmíràn Láti Èkó Lọ́jọ́ Kan Náà: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Effurun fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ ṣe ìkómọ ní London. Ọmọ tuntun ti dé, ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, a ti bá ìyá wa dáwó, a sì ti bá a di ẹrù. Bàálù London máa gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́. Ejẹ́ǹtì wá ra bàálù Osubi sí Èkó ti aago mẹ́ta ọ̀sán fún un lọ́tọ̀. Ó ní wákàtí méje ó lé ló wà láàárín, pé ó tilẹ̀ ti pọ̀ jù.

Aago mẹ́ta lù, bàálù kò dé. Ní aago mẹ́rin, wọ́n ní ó ń bọ̀. Nígbà tí aago márùn-ún kọjá díẹ̀, wọ́n ní kò lè wá mọ́ lónìí torí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, kí gbogbo èèyàn padà wá lọ́la. Ìyá wa pe ejẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì pe àwọn tó ń lọ London. Èsì tí wọ́n fún un ni pé tí arìnrìn-àjò kò bá yọjú, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ náà bá a lọ. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, orí WhatsApp ni ìyá àgbà ti fi orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́.

A ò sọ ọ́ láti fi ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ti bọ́ sínú irú kòtò yẹn láàárín wa ju ẹyọ kan lọ. Bí ọdún bá sì ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá nípàdé: ṣé mo lè gbéra ní Osubi, kí n sì wọ bàálù òkè òkun ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó ṣeé ṣe o. Àmọ́ ó ní bó ṣe ń ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín tíkẹ́ẹ̀tì kan àti tíkẹ́ẹ̀tì méjì, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ra ìrìn-àjò láti Osubi dé London lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ tó tà á fún yín ti gbà pé òun máa gbé yín dé London. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí ìkejì fi fi yín sílẹ̀, àwọn ló máa wá òmíràn fún yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àdéhùn méjì ni ẹ ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ gbà láti gbé yín dé Èkó, kò sọ ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ wà ní London. Ẹni kejì gbà láti gbé ẹni tó bá dé káńtà rẹ̀ lásìkò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ní Osubi kò kàn án rárá. Bí ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ láti Enerhen lọ bá bọ́ọ̀sì ni. Tí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ṣé ẹ máa ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì dá owó yín padà?

Ẹ má jẹ́ kí ìwé tí ejẹ́ǹtì tẹ̀ jáde tàn yín jẹ. Ó lè tẹ ìrìn-àjò méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo, kó rí bí ẹni pé wọ́n so pọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ló máa ń ní, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ta á. Bí ti Osubi bá ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ti òkè òkun sì ní tirẹ̀ tó yàtọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì méjì lẹ rà, ohun yòówù kí ejẹ́ǹtì sọ. Ẹ bi í léèrè tààrà kí ẹ tó sanwó: “Tí bàálù Osubi bá pẹ́, ta ló máa gbé mi?” Tó bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni.

Kì í ṣe pé àwa ará Warri ò gbọ́n la fi ń ra méjì. Bàálù òkè òkun kì í balẹ̀ sí Osubi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kò sì ní àdéhùn tó lè so tíkẹ́ẹ̀tì wọn mọ́ ti bàálù abẹ́lé wa. Ẹni tó bá ń lọ London lè gbìyànjú Air Peace, tó ń fò Warri sí Èkó, tó sì ti ń fò Èkó sí London láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2024. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi méjèèjì sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Tó bá fi díẹ̀ wọ́n ju méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, lójú tiwa, owó yẹn kò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ yẹn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù, bí èèyàn kò bá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn máa fagi lé gbogbo èyí tó kù lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi pàdánù àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀. Ó tún ń ṣiṣẹ́ lódì kejì: tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì kan láti Osubi dé òkè òkun, tí ẹ wá bá ara yín ní Èkó lọ́jọ́ méjì ṣáájú torí òkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ má ṣe sọ pé “màá kàn lọ wọ̀ ọ́ ní Ìkẹjà.” Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n yí i padà. Bẹ́ ẹ bá fo ti Osubi láìsọ fún wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹ dé káńtà Èkó kí wọ́n ní orúkọ yín kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun ò ní bá bàálù mọ́, kó pè wọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra. Iye tí wọ́n máa gbà láti yí ọjọ́ padà ṣáájú àkókò máa ń kéré sí ìyà ẹni tí kò yọjú.

Ní ti Osubi fúnra rẹ̀, kí àlejò má ṣìnà: Airport Road tó wà láàárín ìlú Warri kò gbé èèyàn dé pápákọ̀ òfurufú wa o. Ọ̀nà Orerokpe ni Osubi wà, lẹ́yìn Effurun, ẹ sì mọ bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Effurun Roundabout ṣe rí láàárọ̀. Iléeṣẹ́ Shell ló kọ́ pápákọ̀ náà ní ìparí àwọn ọdún 1990 fún iṣẹ́ epo, kì í ṣe fún ọ̀pọ̀ èrò bíi ti Èkó. Ojú ibi tí bàálù ń sáré sí kò gùn bíi ti Èkó tàbí Abuja, nítorí náà àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló ń wá síbẹ̀. Ó sì wà lára àwọn pápákọ̀ tó ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ tì í pa nítorí gbèsè, àwa tí a wà níhìn-ín nígbà yẹn sì rántí bí a ṣe ń lọ wọ bàálù ní Benin àti Asaba.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọkọ̀ tó máa gbé yín láti Osubi, ibòmíràn ló ti máa ń bọ̀. Bó bá pẹ́ ní ibi tó ti kọ́kọ́ lọ láàárọ̀, pípẹ́ yẹn ló máa bá a kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Níbòmíràn, ọkọ̀ tó pẹ́ ṣì lè wá ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ti Osubi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó di ọ̀la. Torí náà, bàálù ọ̀sán Osubi kò jọ bàálù ọ̀sán Abuja rárá, bí aago tó wà lórí ìwé wọn tilẹ̀ jọra.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa ṣírò ọjọ́ rẹ̀? Ẹ má ka wákàtí láti iwájú bí ejẹ́ǹtì ìyá wa ṣe kà á. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Ká ní bàálù òkè òkun máa gbéra ní aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́. Káńtà sábà máa ń padé ní wákàtí kan ṣáájú, ìyẹn aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ìlà Èkó kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé aago méje àbọ̀ lẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ yọ wákàtí kan àbọ̀ fún dídúró de báàgì ní ẹ̀ka abẹ́lé àti wíwá ọkọ̀ lọ sí ẹ̀ka òkè òkun: aago mẹ́fà. Ẹ yọ wákàtí mẹ́ta fún ìdádúró, torí ẹni tó bá ní bàálù abẹ́lé wa kì í dá èèyàn dúró kò tíì wọ̀ ọ́ rí: aago mẹ́ta. Bàálù fúnra rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Ìyẹn ni pé bàálù aago méjì ọ̀sán ló yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn.

Àmọ́ ìṣirò yẹn gbà pé bàálù máa wá dandan. Tí wọ́n bá fagi lé e ńkọ́? Ọ̀nà ilẹ̀ ló kù. Láti Warri gba Sapele, Benin, Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó lé ní 400 kìlómítà. Awakọ̀ máa sọ fún yín pé wákàtí mẹ́fà ni. Ẹ fún un ní mẹ́jọ, torí ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, ibi tí ọlọ́pàá ti ń dáni dúró, àti Èkó fúnra rẹ̀ láti Berger tàbí Mílé 2 wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ wà ní pápákọ̀ ní aago méje àbọ̀ alẹ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Warri ní aago mọ́kànlá àbọ̀ òwúrọ̀. Aago yẹn la máa ń pè ní aago ìpinnu. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó jáde nílé. Bó bá lù tí ọkọ̀ kò tíì balẹ̀ sí Osubi, ẹ kó ẹrù yín kí ẹ máa lọ. Ẹ má dúró gbọ́ “ó ń bọ̀ láìpẹ́.”

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe bàálù aago méjì ló yẹ kí ẹ rà mọ́. Èyí àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni, ti aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kí àyè ìpinnu lè wà. Òfin náà sì ran yín lọ́wọ́ níbí. Ìlànà àjọ NCAA tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ní Apá 19, sọ pé bí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, kí wọ́n fún èrò ní nǹkan ìpanu. Bó bá ju méjì lọ, èrò lè gba owó rẹ̀ padà. Bó bá sì di aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, ilé ìtura àti ọkọ̀ tó máa gbé wọn débẹ̀ di ọ̀ranyàn. Fún bàálù aago mẹ́sàn-án, aago mọ́kànlá ni ẹ̀tọ́ àtigba owó padà ti wà lọ́wọ́ yín, ìdajì wákàtí ṣáájú aago ìpinnu. Ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ pẹ́, kí ẹ ya fọ́tò pátákó tí wọ́n kọ aago sí, kí ẹ sì gba ọ̀nà lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Osubi nìkan ni wọ́n máa dá padà o, ti London kò sí nínú ẹ̀. Lásìkò yẹn bọ́ọ̀sì ńlá ti Èkó ti lè lọ tán, nítorí náà ẹ ti mọ awakọ̀ tí ẹ lè háyà, kí owó rẹ̀ sì wà lápò. A ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rin ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀ lóru nítorí bàálù. Bí aago ìpinnu bá ti kọjá, ẹ pe ilé iṣẹ́ òkè òkun, ẹ yí ọjọ́ padà.

Tí bàálù òkè òkun yín bá jẹ́ ti àárọ̀, kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Èkó lẹ máa sùn. Bákan náà ni láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí eruku rẹ̀ bo ojú ọ̀run tí awakọ̀ òfurufú kò rí iwájú. Láàárọ̀ gan-an ló máa ń burú jù, ìyẹn àkókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ rà yẹn. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ má jiyàn. Ṣebí ta ni nínú wa tí kò ní àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìyá kan ní Agége, Ọgbà tàbí Ọjọ́dú?

Nǹkan míì tó ń pa wá lára ni ẹrù. Ọ̀pọ̀ bàálù òkè òkun máa ń gba báàgì méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàálù abẹ́lé sábà máa ń gba bíi 20 sí 23 kílò lápapọ̀. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ di gààrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti èròjà ọbẹ̀ báńgà sínú báàgì méjì, Osubi lẹ ti máa kọ́kọ́ san owó àlékún, bí London tilẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ kékeré tún lè fi báàgì sílẹ̀ nítorí ìwúwo, kí ó tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí Èkó jẹ́ òpin ìrìn-àjò rẹ̀, ìyẹn kò ju ìnira lọ. Ẹni tó ní bàálù lálẹ́ yẹn kò ní lè dúró dè é. Àbá tiwa ni kí ẹ fi ẹrù wúwo ránṣẹ́ sí Èkó nípasẹ̀ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹbí bá yín gbà á, kí páásípọ́ọ̀tù, oògùn àti ìwé físà sì wà nínú báàgì ọwọ́ nígbà gbogbo.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tún túmọ̀ sí pé wọn kò ní so àmì London mọ́ báàgì yín ní Osubi. Ẹ máa gbà á ní Èkó, ẹ máa gbé e jáde, ẹ máa wá ọkọ̀. Pápákọ̀ Múrítàlá Mùhámmẹ̀d kì í ṣe ilé kan ṣoṣo: MM1 àti MM2 ni ti abẹ́lé, ti òkè òkun sì wà lọ́tọ̀, kò sì ṣeé fi ẹsẹ̀ rìn dé pẹ̀lú ẹrù. Ti òkè òkun fúnra rẹ̀ pín sí Terminal 1 tí wọ́n ṣí ní 1979 àti Terminal 2 tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2022. Ní 2025, ìjọba fọwọ́ sí àtúnkọ́ Terminal 1, nítorí náà ẹ má fi ibi tí ẹ ti wọkọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe òdiwọ̀n. Ẹ wo ohun tí ilé iṣẹ́ yín kọ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò.

Àwọn kan máa ń bi wá nípa Benin àti Asaba. Tí a bá ní kí a mú ọ̀kan, Benin la máa mú, torí ojú ọ̀nà Èkó náà ló wà. Bí bàálù Benin bá já yín kulẹ̀, ẹ ti rin nǹkan bíi 100 kìlómítà nínú ìrìn yẹn ná. Asaba ní bàálù tó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá há síbẹ̀ ti jìnnà sí Èkó ju ẹni tó dúró jókòó sí Warri lọ.

Fún ẹni tó ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀, torí bí ẹ bá pàdánù bàálù Osubi, owó kékeré ló lọ. Síbẹ̀, ẹ má ra ti wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀. Ìlà àwọn aṣọ́bodè àti dídúró de báàgì nìkan lè gba wákàtí méjì yẹn. Ẹni tó bá balẹ̀ lọ́sàn-án kó gbà pé Èkó lòun máa sùn.

Ẹni tó bá tún fẹ́ so tíkẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ ní òkè òkun, bíi Èkó sí London, kó tó di London sí Toronto, ẹ tún ojú là síbẹ̀. Tí wọn kò bá so àmì báàgì dé Toronto, ẹ máa gba iwájú aṣọ́bodè Britain kọjá kí ẹ tó lè mú un. Ẹ wádìí bóyá físà Canada tó wà lọ́wọ́ yín tó, tàbí ẹ nílò físà ìkọjá, kí ẹ tó sanwó. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà bí kò tilẹ̀ jáde kúrò nínú pápákọ̀ wọn, àyàfi tí físà ibòmíràn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá yọ ọ́ sílẹ̀. Lomé yàtọ̀ ní tiẹ̀. Ibẹ̀ ni ASKY fi ṣe ibùdó, Togo sì wà nínú ECOWAS, a lè wọ ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Bí ẹ bá há sí Lomé, ẹ lè jáde lọ wá ibi sùn, kí ẹ sì gbọ́ Yorùbá ní ọjà wọn.

Ìyá wa tún ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sùn sí ilé àbúrò rẹ̀ ní Ọgbà lọ́jọ́ méjì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ti wà lórí ìlà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ rẹ̀. Àwòrán òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Ó ní orúkọ tí òun fi ránṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé.